Ọ̀nà Òkun, Ọ̀nà Ọ̀fun

Agùnbánirọ̀ tó jókòó sídìí tábìlì yẹ fọ́ọ̀mù tí mo kọ wò. Ó wo fọ́ọ̀mù, ó wo ojú mi, ó tún padà wo fọ́ọ̀mù.

"Ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ̀ ojú omi lẹ kọ síbí àbí ojú mi ni?"

"Ojú rẹ kọ́. Ọkọ̀ ojú omi ni, àti àwọn òfin tí ìjọba fi dè wọ́n ní èbúté Èkó nígbà ogun Hítílà."

"Ẹ wá wá wọn wá sí Ìbàdàn?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí n tó rí èsì fún un, ó ti mú fọ́ọ̀mù wọlé lọ. Ìbéèrè rẹ̀ ló kù tí ó jókòó tì mí.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ni, ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní Akáífù. Bódìjà ni mo ti gbéra. Mo sọ̀ sí Àgbówó, mo la àárín àwọn oníbúrẹ́dì àti àwọn tó ń tẹ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ kọjá, mo wọ géètì. Ariwo ló wà lóde. Nínú ibí, ìgbà tí ẹnìkan bá ṣí ojú ewé ìwé, gbogbo yàrá ló gbọ́. Pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n gbà kí ènìyàn mú dání, nítorí yíǹkì tó bá ta sí ìwé ọgọ́rin ọdún kò ṣeé fọ̀. Nígbà tí àwọn fáìlì dé, okùn ni wọ́n fi dì wọ́n, etí wọn ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, òórùn wọn sì dà bí ti àpótí aṣọ ìyá àgbà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Láti 1951 ló ti ń lọ káàkiri ọ́fíìsì ìjọba, tó ń wo ìwé tí ikán àti òjò ń bá jà. Ní 1954 ìjọba dá ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn sílẹ̀. Bí ìwé Èkó ṣe di ará Ìbàdàn nìyẹn. COMCOL ni àmì tó wà lára àwọn fáìlì tó wá láti ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà Èkó. CSO ni ti akọ̀wé àgbà ìjọba amúnisìn. Àwọn Gàsẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, ìwé ìkéde ìjọba, tí wọ́n dì lọ́dọọdún. Ìlú tí kò létí òkun ló ń bá ẹni tó létí òkun tọ́jú ìwé òkun.

Kí òfin ogun yìí tó lè yé ni, ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ bí ẹnu èbúté Èkó ṣe rí. Ọ̀sà wà nínú, òkun wà lóde, ẹnu tóóró kan ló so wọ́n pọ̀. Láyé ọjọ́un, yanrìn a máa dí ẹnu náà títí tí ọkọ̀ ńlá kò fi ní lè wọlé. Láti 1908 ni ìjọba ti ń to òkúta gọnbọ sínú òkun, ọwọ́ kan ní ìlà-oòrùn, ọwọ́ kan ní ìwọ̀-oòrùn, kí omi lè máa gbá yanrìn jáde, tí ọkọ̀ awayanrìn sì ń gbẹ́ ìsàlẹ̀. Nígbà tí èbúté Àpápá ṣí ní 1926, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé láìfara-pa. Àmọ́ ẹnu tóóró náà ṣì ni ẹnu kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ti di oníbodè fún ẹrù ilẹ̀ Yorùbá.

Ní oṣù kẹjọ 1939, kí ogun tó bẹ́, ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe òfin tó fún wọn lágbára pàjáwìrì. Wọ́n nà án dé àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, ó sì wá kù sọ́wọ́ gómìnà kọ̀ọ̀kan láti máa ṣe ìlànà ogun. Sir Bernard Bourdillon ni gómìnà Nàìjíríà nígbà náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, ogun dé.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ní àwọn èbúté tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ nìyí. Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ kò gbọdọ̀ yà tààrà wọlé mọ́. Á dúró lóde, ọkọ̀ ológun á lọ bá a: ta ló ni ọ́, níbo lo ti ń bọ̀, kí lo gbé? Bí èsì bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á fún un ní àmì tó máa gbé sókè. Ọkọ̀ tó bá wọlé láìní àmì ti fọwọ́ fa ìbọn. Èyí tó wà nínú náà kò lómìnira: ológun òkun ló ń sọ ọjọ́ àti wákàtí tí yóò ṣí, àti ọ̀nà tí yóò gbà. Iná dúdú lálẹ́. Rédíò dákẹ́ lójú òkun. Ìwé ìròyìn tó ti máa ń pariwo ọjọ́ tí ọkọ̀ lẹ́tà yóò gúnlẹ̀ kò gbọdọ̀ mẹ́nu kàn án mọ́. Ẹni tó ń retí ẹrù, tó ń retí ọmọ láti òkè òkun, ó kàn ń retí ni.

Ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ dá rìn. Freetown ni ìkóríta: láti oṣù kẹsàn-án 1939 ni ọ̀wọ́ ọkọ̀ ti ń ti ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọkọ̀ ogun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tó yá, ti Èkó náà ń tò tẹ̀ lé ara wọn gba Takoradi lọ sí Freetown. Bí èyí tó yára bá wà láàárín wọn, ẹsẹ̀ èyí tó lọ́ra jù ni yóò máa tẹ̀ lé. Oṣù tí ọkọ̀ ìbá fi lọ kí ó sì ti máa bọ̀, á fi dúró de ẹgbẹ́.

Mo wo àgbàlagbà kan tó jókòó ní tábìlì kejì, tó ń fi pẹ́ńsù da ọ̀rọ̀ kọ láti inú fáìlì ilẹ̀. Ó bi mí ohun tí mo ń wá, mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí òyìnbó kàn ń fi ogun dẹ́rù bà wá?"

Ewu wà, bàbá. Ní oṣù karùn-ún 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ U-69 yọ́ wá sí etíkun wa, ó da àdó olóró inú omi sí ìtòsí Takoradi, ó da òmíràn sí ti Èkó. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, ọ̀kan dún. Ọkọ̀ tó gbé lọ ni Robert Hughes, ọkọ̀ awayanrìn. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti la ọ̀nà fún ẹlòmíràn ni ikú pàdé lójú ọ̀nà.

Lójú agbami, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tó ń gbé èrò àti lẹ́tà wa, a máa fi orúkọ ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ ọkọ̀ rẹ̀. Accra rì ní oṣù keje 1940. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ọkọ̀ òfurufú àwọn Jámánì ju bọ́ǹbù lu Apapa bó ṣe ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Liverpool. Adda lọ ní 1941, Abosso ní 1942, èyí tó kó èèyàn tó lé ní 350 lọ sísàlẹ̀ òkun. Ẹni tó bá ka orúkọ wọn tẹ̀ lé ara wọn á rò pé àwòrán ilẹ̀ etíkun wa ni wọ́n ń fà ya.

Síbẹ̀, oníbodè náà a máa fo bodè ẹlòmíràn. Ní oṣù kìíní 1942, ọkọ̀ kéékèèké alágbára méjì tó máa ń fa ọkọ̀ ńlá, Vulcan àti Nuneaton, yọ́ jáde ní Èkó. Erékùṣù Fernando Po ni wọ́n dorí kọ, ilẹ̀ Sípéènì tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkọ̀ Ítálì kan, Duchessa d'Aosta, ti sá pamọ́ sí èbúté Santa Isabel níbẹ̀. Wọ́n ṣètò àsè fún àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ ní ìlú. Bí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ń mu, àwọn tó ti Èkó wá já ẹ̀wọ̀n tó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fà á jáde nínú òkùnkùn, wọ́n sì fà á wọ Èkó kí oṣù náà tó parí. Ìjọba Lọ́ńdọ̀nù sọ fún ayé pé lójú òkun ni àwọn ti rí i he. Bourdillon, tí wọ́n ń fi àṣẹ rẹ̀ ká ọkọ̀ lọ́wọ́ kò ní Èkó, náà ló yọ̀ǹda àwọn ọkọ̀ tó lọ já ẹ̀wọ̀n ní ilé onílé.

Mo di okùn fáìlì padà bí mo ṣe bá a. Nígbà tí mo jáde, oòrùn ti dé àárín orí.

Mo wọ Míkírà níwájú géètì, àwa mẹ́ta lẹ́yìn, ẹni méjì lórí ìjókòó kan níwájú, bí ti Ìbàdàn. A gba Ṣàngó, a fo ojú irin, a kọjá Pólì, a dé Ìjókòdó, mo sì sọ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé. Ohun tí mo fẹ́ rí níbẹ̀ ni omi. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá èbúté n'Ìbàdàn, adágún Ẹlẹ́yẹlé ló súnmọ́ ọn jù. Odò Ọ̀nà ni wọ́n dí kí ìlú lè rí omi mu, iṣẹ́ náà sì parí ní 1942, àárín ogun gan-an. Ọkùnrin kan wà lórí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ó ń fa àwọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Kò bèèrè àmì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rántí pé ní oṣù kẹfà 1940, nígbà tí Faransé túúbá fún Jámánì, tí àwọn alákòóso Dahomey, ilẹ̀ Faransé tó bá wa pààlà, gbè sẹ́yìn ìjọba Vichy tó bá Jámánì rẹ́, ọ̀sà tó ti Àjàṣẹ́ gba Àgbádárìgì wá sí Èkó di ojú ààlà àwọn tó ń bá ara wọn ṣọ̀tá lọ́sàn-án kan òru kan. Ọlọ́pọ́n tó jẹ́ pé ilé àna rẹ̀ ló ń lọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń wò ó bíi amí.

Ogun gan-an dé Ẹlẹ́yẹlé yìí. Ibí ni ilé ìwòsàn àwọn ológun, èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 56, wà. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ wa lọ bá Jàpáànì jà ní Bọ́mà, tí ọ̀wọ́ kìíní wọn wọ ọkọ̀ lọ ní 1943, irú ibí yìí ni wọ́n ti ń tọ́jú ológun tó ṣàìsàn. Ogun parí, ibùsùn ṣófo. Ní 1948, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Yábàá wá sínú àwọn ilé ológun wọ̀nyẹn, Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó kó lọ sí ọgbà tí mo ti ń bọ̀ ní òwúrọ̀.

Láti Ẹlẹ́yẹlé mo gba Jẹ́ríkò bọ́ sí ọjà Aléṣinlóyè. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọjà yìí, Okùnọlá Abásì Aléṣinlóyè, òun ló wà lórí oyè láti 1930 sí 1946. Orí rẹ̀ ni oyè Baálẹ̀ ti di Olúbàdàn ní 1936, orí rẹ̀ náà sì ni ogun Hítílà ti bẹ̀rẹ̀ tó sì parí. Ohun tí mo wá ṣe lọ́jà rẹ̀ kò ju kékeré lọ: mo fẹ́ ra iyọ̀.

Ìdí ni pé iyọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí òfin ọkọ̀ ojú omi máa ń mú nílé aláìlókun. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ iyọ̀ ti ń wá nígbà náà. Bí àyè bá kéré nínú ọkọ̀, ìbọn àti ọta ló máa kọ́kọ́ wọlé. Iyọ̀, kẹrosíìnì, ìrẹsì àti aṣọ á dúró. Iyọ̀ wọ́n jákèjádò Nàìjíríà. Ní Èkó, ìjọba gbé Captain Pullen dìde ní 1941 láti máa dá iye lé oúnjẹ, àwọn ọjà ìjọba sì di "ọjà Pullen" lẹ́nu ará ìlú. Gàrí lọ sábẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ lọ sókè. Àlímótù Pẹ̀lẹ́wúrà, ìyá ẹlẹ́ja tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà, kò gbà. Ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n bá ìjọba fà á títí.

Àmọ́ Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú irú ọ̀ràn yìí. Ní 1877, nígbà tí Ààrẹ Látòósà rán àwọn èèyàn rẹ̀ lọ ra ìbọn ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, Ẹ̀gbá bínú, ọ̀nà dí. Ìjẹ̀bú náà dí tirẹ̀. Ogun tó tibẹ̀ ṣẹ́ jáde, tí a wá ń pè ní Kìríjì, kò tán títí di 1893, ọ̀nà Oǹdó tó jìnnà réré ni Ìbàdàn sì ń gbà dé etí òkun fún ìbọn àti iyọ̀. Ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun ṣe ní ẹnu Èkó, àwọn oníbodè Yorùbá ti fi igi ìbodè ṣe é fún wa rí. Ẹni tí òkun jìnnà sí ni ọ̀rọ̀ òkun máa ń dùn jù.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá."

"Kúùṣẹ́ o, ọmọ mi. Mélòó ni kí n wọ̀n?"

Ó wọ̀n ọ́n. Ó dá iye lé e. Mo ní iye náà ti lé sí i ju ti oṣù tó kọjá lọ.

"Àwa kọ́ o," ni ìyá náà wí, ó ń so ẹnu ọ̀rá. "Àwọn tó ń kó o wá fún wa ní ẹrù ò tètè jáde ní Àpápá."

Mo gba iyọ̀ náà, n kò ná an mọ́.

Dùgbẹ̀ ni mo parí ìrìn náà sí. Ní ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́, koríko ti hù sáàárín irin kan. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ dé ibí láti Èkó, nǹkan bíi máìlì 120, ibí yìí sì di ibi tí kòkó gbogbo àgbègbè ń wọ̀ lọ sí òkun. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó fi to ṣọ́ọ̀bù wọn yí ibẹ̀ ká. Kí ogun tó dé, kòkó tí Nàìjíríà ń kó jáde lọ́dún súnmọ́ 100,000 tọ́ọ̀nù.

Nígbà tí ọkọ̀ wá wọ́n, ta ló máa ra kòkó? Ní òpin 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn á ra gbogbo rẹ̀, ní iye tí àwọn dá. Kòkó kì í ṣe ìbọn, kò sì ju èròjà ṣokoléètì lọ. Àyè inú ọkọ̀ kò sí fún un. Ní Gold Coast, wọ́n dáná sun lára èyí tí wọ́n rà. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló ń bá ìjọba rà á, wọ́n sì fi iye tí kálukú ti ń rà kí ogun tó dé pín in, nítorí náà ẹni tó ti tóbi tẹ́lẹ̀ ló tún tóbi, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ wa sì wà lóde bí ọkọ̀ tí kò ní àmì. Ní 1942, Jàpáànì gba Màláyà àti Indonesia, epo àti ekùrọ́ wa wá di àwárí. Ọdún náà ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo kalẹ̀ tó ń ra irè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tó di 1945, àwọn òṣìṣẹ́ tí owó ọjà ti mú lọ́fun dáṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹfà wọ oṣù kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin pẹ̀lú Michael Imoudu wà níwájú. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó kòkó kọjá lórí irin yìí dúró.

Ogun tán. Ọkọ̀ tún ń wọlé, tó ń jáde bó ṣe wù ú. Iná padà sí etíkun. Ṣùgbọ́n ìrà kan ṣoṣo yẹn kò lọ. Ní 1947, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ìgbìmọ̀ títa kòkó, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1986. Àgbẹ̀ tó bí ọmọ ní ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ti di àgbàlagbà ẹni ọdún 47 kí bàbá rẹ̀ tó lè ta kòkó fún ẹni tó wù ú. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí pé ọkọ̀ kò tó, ó gbọ́ pé ọkọ̀ ti tó, ó sì ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́.

Mo gbé ojú sókè. Ilé Kòkó ló dúró lórí Dùgbẹ̀, àjà 26, èyí tí wọ́n ṣí ní 1965. Owó tí ìgbìmọ̀ náà kò san tán fún àgbẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ńlá nígbà yẹn. A fẹ́ràn ilé náà, a máa ń ya fọ́tò sí iwájú rẹ̀. Àmọ́ bí ènìyàn bá wò ó dáadáa láti ibùdókọ̀ ojú irin, ó máa rí i pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú omi, ní ẹnu tóóró Èkó, níbi tí wọ́n ti ní kí ọkọ̀ dúró.

Ìrọ̀lẹ́ lẹ́. Mo wọ Míkírà tó ń lọ sí Bódìjà, ọ̀rá iyọ̀ wà lórí itan mi. Ní Mọ́kọ́lá, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú wa. Arákùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo ọ̀rá náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n ń ta iyẹn báyìí?" Mo sọ fún un. Ó pòṣé, ó wo ojú fèrèsé.

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé n kò fún agùnbánirọ̀ lésì.